Dísìkì Fíríìdọ̀mù

Lẹ́yìn Rye Lane nílùú òyìnbó ni Sìdíkàt ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sára fìlà. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà ti dàgbà. Gbogbo ọnà tí Sìdíkàt fọwọ́ ara rẹ̀ yà láti ogún ọdún ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n kò lè dá jí mọ́. Flópì dísìkì kan ló ń jí i. Láràárọ̀, Sìdíkàt á ní "Bísímílláhì", á ti dísìkì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á tanná sí i. Inú rẹ̀ á máa kùn bíi ti ológbò tó yó, lẹ́tà funfun á yọ lójú dúdú, á sì béèrè pé ọjọ́ wo la wà. Kọ̀ǹpútà wo ló tún ń béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ènìyàn láyé yìí? Èyí ń béèrè, Sìdíkàt sì ń dá a lóhùn.

Láàárọ̀ Monday kan, kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ní òun ò rí dísìkì kà. Sìdíkàt yọ ọ́, ó fẹ́ ẹ, ó tì í padà. Ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kéú fẹ́ ṣe wòlímọ̀ ní Sátidé, fìlà wọn sì wà nílẹ̀ láìní ọnà. Ọmọ rẹ̀ ní kó ra kọ̀ǹpútà tuntun. Tuntun wà, àmọ́ kò mọ ọ̀kankan nínú ọnà rẹ̀.

Ẹ̀dà dísìkì náà kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ Kánsọ́lá ló sì wà. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, sísọ́ọ̀sì ni àwọn ọ̀gá mìíràn ń fún ọmọọṣẹ́ wọn. Dísìkì ni Sìdíkàt fún tirẹ̀, ó gbàdúrà sórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí Kánsọ́lá fi ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Kennington, tí àwọn oníbàárà kan sì tẹ̀ lé e. Látìgbà náà, "ọmọ yẹn" ni Sìdíkàt ń pè é.

Ó wo àwọn fìlà náà títí, ó gbé fóònù.

"Kánsọ́lá, èmi ni."

"Mo mọ̀, Aunty. Mi ò yọ nọ́ńbà yín kúrò."

"Dísìkì tí mo fún ẹ ńkọ́?"

"Ó wà. Ṣé ẹ fẹ́ gbà á padà ni?"

"Tèmi ló kú."

"Mò ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀."

Nígbà tí Kánsọ́lá dé, inú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ló fi dísìkì náà sí. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Sìdíkàt fọwọ́ kan gbà á. Bísímílláhì. Ó kùn, ó kùn, lẹ́tà funfun yọ. Ọjọ́ wo la wà?

Sìdíkàt mí kanlẹ̀. "Ó ṣì ń ṣe bíi tuntun. O ò lò ó rí."

"Kọ̀ǹpútà tèmi ò ní ẹnu tí wọ́n ń tì í bọ̀. Mo kàn tọ́jú ẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ ṣáà fún mi."

Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí dísìkì òfìfo tí Kánsọ́lá mú dání. Ẹnu kan péré ni kọ̀ǹpútà náà ní, nítorí náà àwọn méjèèjì jọ ń pààrọ̀ dísìkì: bí èyí bá yọ ti àtijọ́, ìyẹn á ti tuntun bọ̀ ọ́. Nígbà tó parí, Kánsọ́lá gbé ẹ̀dà náà sókè, ó wúkọ́, ó sì yí ohùn padà bíi ti ọ̀gá rẹ̀.

"Ìwọ Sìdíkàt, mo ṣe fíríìdọ̀mù fún ẹ lónìí. Ọlọ́run á fún ẹ ní oníbàárà."

"Àmín. Tèmi tó wà ní Kennington ńkọ́?"

"Àwọn yẹn ti di tèmi, Aunty."

Sìdíkàt ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ méjèèjì ló fi gba dísìkì. Ó wá fẹsẹ̀ ti àga sọ́dọ̀ Kánsọ́lá.

"Jókòó. Fìlà pọ̀ nílẹ̀."