Òkú Òyìnbó Jí, Bàbá Mi Ò Ta Gìrì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè dá gbé korobá omi kọjá àárín àgbàlá wa l'Ágége, òkú òyìnbó ni mo bẹ̀rù jù láyé. Mi ò bẹ̀rù ajá, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù tíṣà. Ṣùgbọ́n òkú òyìnbó tó ń sùn nínú pósí lọ́sàn-án, tí eyín rẹ̀ méjì gùn bí ti ológbò, ìyẹn ń kó jìnnìjìnnì bá mi.

Bàbá mi ló gbé e wọlé. Nídìí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń hun aṣọ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà. Ẹnjiníà òyìnbó kan tó fẹ́ràn wọn ń padà sí Ìlú Ọba, ó sì fún wọn ní tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti páálí kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. A rò pé eré ìjà ló wà nínú rẹ̀. Àṣé òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni, pẹ̀lú ilé olókùúta nínú kùrukùru, àti àwọn ẹ̀dá abàmì tó ń ti ojú sánmà bọ̀ nínú ọkọ̀ tó dà bí ọmọrí ìkòkò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bí fídíò ṣe rí láyé ọjọ́un. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ni tiwa. Ẹni tí kò bá tíì fọ abọ́, tí kò tíì gbálẹ̀, kò ní jókòó. Màámi á tẹ́ ẹní, wọ́n á gé búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé oníbúrẹ́dì ẹ̀yìn ilé wa, tí ooru rẹ̀ ṣì ń jó ni lọ́wọ́, wọ́n á bu ẹ̀wà lé e. Àwọn ọmọ àdúgbò á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, Bàbá mi á ní, “Ẹ má fòyà. Aró lásán ni. Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ́n tó báyẹn.”

Ìyà tó dùn wá jù nígbà náà ni kí wọ́n ní kéèyàn kúnlẹ̀, kó kọjú sí ògiri, nígbà tí fíìmù ń lọ. Kàmọ́rù, àbúrò mi, jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tó yọ ẹran nínú ìkòkò. Nígbà tó dìde, òógùn ti bò ó. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i, ẹ gbádùn. Èmi tí mo kàn ń gbọ́ ọ lojú mi rí màbo.”

Ohun kan wà tí mo fi ń yangàn nílé ìwé. Tí ilẹ̀kùn bá ṣàdédé gbá gbàà nínú fíìmù, tí obìnrin kan sì figbe ta, gbogbo wa la máa ń fò sókè. Màámi á máa pe Ọlọ́run. Bàbá mi nìkan ni kì í ta gìrì. Wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì wọn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo sọ fún gbogbo ọmọ kíláàsì wa pé kò sí ọkùnrin tó láyà bíi bàbá mi ní gbogbo Agége. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Òkú wo ló fẹ́ wọ ilé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a ń wo èyí tó ní ọkọ̀ ojú sánmà. Kàmọ́rù ti yọ́ jáde lọ gun ògiri àgbàlá. Lójijì la gbọ́ igbe: “Bàbá mi o! Mo kú o!” Kì í ṣe inú fíìmù. Màámi sáré jáde, gbogbo wa tẹ̀ lé wọn. Bí a ṣe ń kọjá lára Bàbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ojo wọ̀nyí! Wọn ò tíì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà o!”

Ìgbà tí Màámi gbé ọmọ wọlé, tí apá rẹ̀ ń mì dirodiro, ni Bàbá mi tó dìde. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn.

Wọ́n di apá náà fún Kàmọ́rù ní ọsibítù. Nígbà tí a délé, Bàbá mi jókòó síwájú ilé. Màámi dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n rọra pè wọ́n: “Bàbá Sìdí.” Bàbá mi ò mira. Màámi tún pè, ó le díẹ̀ sí i. Ẹyẹ orí ògiri fò lọ, Bàbá mi ò wẹ̀yìn. Màámi wá bọ́ síwájú wọn, omi ti lé sí wọn lójú.

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ ò sì lè sọ fún mi?”

“Bí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́, wọn á ní kí n máa lọ sílé. Kí làwọn ọmọ máa jẹ?”

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe rí lára mi. Lójú kan náà ni ẹ̀rù bà mí nítorí bàbá mi, tí mo sì tún fẹ́ràn wọn sí i.

Màámi ò gbà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wé gèlè, wọ́n bá ọkọ wọn lọ Ìkẹjà lọ rí ọ̀gá. A ò jẹun títí wọ́n fi dé. Ọlọ́run bá wa ṣe é: ọ̀gá náà ò lé Bàbá mi, ó gbé wọn kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó fi wọ́n sí ibi tí wọ́n ti ń di aṣọ. Ṣùgbọ́n etí tó ti lọ ò padà.

Láti ìgbà náà, iwájú Bàbá mi ni mo máa ń jókòó sí tí fíìmù bá ń lọ, kí wọ́n lè máa wo ẹnu mi bí mo ṣe ń túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi ò ju ti ọmọ kíláàsì mẹ́rin lọ, nítorí náà mo ń fi tèmi kún un. Mo ní òkú náà ń sọ fún àwọn àlejò pé, “Ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ilé mi!” Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ayé ti yí. Ilé iṣẹ́ aṣọ náà ti di ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn ọmọ mi, oníkálukú ló di fóònù tirẹ̀ mú, tó ki nǹkan bọ etí, tó ń dá rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń pín ẹ̀rù pẹ̀lú ẹnì kan mọ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ọkùnrin wá ọ̀kan nínú irú àwọn fíìmù àtijọ́ náà jáde fún bàbá mi, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ló ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán. Inú mi dùn. Mo ní, “Bàbá, ẹ lè máa kà á fúnra yín báyìí.”

Wọ́n kà á fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi í sórí orúnkún.

“Sìdí,” wọ́n ní, “ìwé yìí ò mọ̀ ọ́n sọ. Wá sọ ọ́ fún mi.”

Mo fa àga mi síwájú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi yọ nǹkan etí wọn, tí wọ́n sì sún mọ́ wa.