Wọ́n Ní Obìnrin Kì í Ní Ìpá

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kókó níbi tí itan ọ̀tún rẹ̀ ti so mọ́ ikùn. Tó bá sunkún, á yọ. Tó bá sùn, á wọlé. Ìwàrò-Ọ̀kà làwọn òbí rẹ̀ ń gbé, èmi ni mo sì ń wẹ̀ ẹ́ fún wọn, torí náà èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo ní ìpá ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ọmọ mi, obìnrin kan tó ń ta òróró n'Ìkàrẹ́, bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ ti dàgbà o! Ìpá? Ọmọbìnrin? Níbo ló fẹ́ gbé e sí?"

Gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní eéwo ni. Ó ní ká máa fi omi gbígbóná jó o, tó bá rọ̀, òun á fi abẹ tú u.

"Àna mi," mo ní, "irú eéwo wo ló ń sùn nígbà tí ọmọ bá sùn? Ṣé iṣẹ́ oko ló ti ń bọ̀ ni?"

Ó ní kí wọ́n lọ gbé omi kaná. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ló lọmọ. Ìyá ìyàwó lè pọn ọmọ títí ẹ̀yìn á fi bó, bó bá di ọ̀rọ̀ ìpinnu, ẹ̀gbọ́n bàbá ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ ọmọ mi, odindi ọkùnrin tó ń pa ejò lóko kòkó, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti húkọ́ báyìí, ó ti tán.

Mi ò bá wọn jà. Mo pọn ọmọ, mo ní mò ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un n'Ìkàrẹ́. Dókítà tẹ ibẹ̀, ó ní ìpá ni, tọkùnrin tobìnrin ló máa ń ní in. Ìfun ló ń gba ihò kan yọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fi abẹ kàn án, ọmọ ló fẹ́ pa. Mo pe bàbá ọmọ lórí fóònù pé kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ó dé, ó gbọ́, ó ní ká ṣe ohun tí dókítà bá wí.

Wọ́n ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó kọjá agbègbè Àkókó. Ihò kékeré ni wọ́n lu sí ìdodo ọmọ, wọ́n ki kámẹ́rà tín-ín-rín wọ inú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì náà ti ń lanu, wọ́n sì dí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eéwo wọn ti di méjì nìyẹn.

Nígbà tá a padà délé, ẹ̀gbọ́n dé, ó ká aṣọ ọmọ sókè.

"Níbo ni wọ́n ti gé e? Ha, wọ́n ti tàn yín jẹ! Ẹ wò ó, bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ti bàbá wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún ńkọ́, tí àpá rẹ̀ gùn bí ìka?"

"Ṣé àpá lẹ wá rà ni?" mo ní. "Abẹ tiyín ì bá fún wa ní èyí tó tóbi, àmọ́ inú ilẹ̀ là bá ti máa wá a."

Ó pòṣé, ó na ìka pé òun fẹ́ tẹ ibẹ̀ wò bóyá eéwo ṣì wà níbẹ̀.

"Àǹtí mi," ọkọ ọmọ mi ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọwọ́ lára ọmọ mi."

Obìnrin náà yíjú sí mi, ó ń retí kí n bá òun bá a wí. Mo ní ọbẹ̀ mi fẹ́ jóná, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ.