Yàrá Tí Gesine Gbà Lọ́wọ́ Folkert

Nígbà tí Folkert kó kúrò nílé Gesine ìyàwó rẹ̀ ní ìlú Leer ní Jámánì, kò mú abọ́ kan, kò mú ìbora kan. Sípíkà gogoro méjì àti àga aláwọ kan péré ló gbé sọ́kọ̀, ó sì gba ilé obìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìlú Aurich lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi á tẹ̀ lé mi o," ó ní. "Kí ni wọ́n tún fẹ́ wá gbọ́ lọ́dọ̀ ẹ? Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ?"

Kì í ṣe pé Gesine ò ní èsì. Kọ́tìnnì ló ń rán tà, àwọn abẹ́rẹ́ ló sì fi eyín dì mú lásìkò náà. Kó tó yọ wọ́n tán, ọkọ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara.

Ṣé ẹ rí i, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Folkert àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ́ orin nínú yàrá kan nílé náà. Àwọn sípíkà gogoro náà kọjú sí àga aláwọ náà nìkan ṣoṣo. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni orin ń tẹ́ pẹrẹsẹ síwájú rẹ̀, gòjé lápá kan, fèrè lápá kejì. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlàjì ló ń gbọ́. Folkert ló ń jókòó síbẹ̀. Tamme alápatà àti Eilert, tó ti fi ìgbà kan tu ọkọ̀ ojú omi, a máa fara ti ògiri bí ọmọ iléèwé. Tí orin bá parí, wọ́n á máa wo ẹnu Folkert kó sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún wọn. Tó bá ní ohùn akọrin náà sún síwájú jù, ó ti sún síwájú jù nìyẹn. Ta ni yóò bá a jiyàn? Kò sẹ́ni tó jókòó síbi tó jókòó.

Lọ́jọ́ kan Gesine gbé tíì wọlé, ó ní orin tó ń lọ yẹn dùn mọ́ òun. "Etí aránṣọ nìyẹn," Folkert dáhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Folkert lè ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Gesine ò fẹ́ kí Folkert padà wálé; kó máa gbé Aurich lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ó fẹ́ kí ọjọ́ Àìkú kan dé tí Folkert yóò jókòó nínú yàrá yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè ohun tó gbọ́. Ìyẹn ló gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Ubbo, tó ń ta sípíkà ní Emden.

"Irú sípíkà wo lẹ ń wá, màdáámú?"

"Èyí tí kò ní àga ọ̀gá."

Ubbo rẹ́rìn-ín títí. Ó mú un lọ síbi tí irú wọn wà, àwọn tí ẹnu wọn kọjú sí àjà, tí igi ṣóńṣó kan dorí kodò lókè ẹnu náà, tó ń fọ́n ohùn ká gbogbo yàrá bí ẹni ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú rà á," ó ní. "Ilé yín ló máa yàn án, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ gbé e lọ, ẹ gbọ́ ọ wò ná."

Ìbínú ló bá Gesine yan èyí tó tóbi jù. Nígbà tó dé ilé, tó fi orin sí i, ńṣe ló dà bí ẹni ń kọrin lábẹ́ ìbora. Ó pe Ubbo pẹ̀lú ìbínú. Ubbo wá, ó bọ́ bàtà, ó dúró láàárín yàrá, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìró náà kú síbẹ̀.

"Yàrá yìí ti kú, màdáámú."

"Mo mọ ẹni tó pa á."

Folkert ti lẹ fóòmù mọ́ gbogbo ògiri, ó sì so kọ́tìnnì wúwo kan mọ́ fèrèsé, èyí tí Gesine fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un, tí kò gba o ṣé kan lórí ẹ̀.

"Sípíkà tirẹ̀ kórìíra ògiri," Ubbo ní. "Tiyín yìí, ara ògiri ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń ta padà. Ẹ wá fi fóòmù dí i lẹ́nu."

Gesine ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ki ọwọ́ bọ fóòmù àkọ́kọ́, ó fà á ya, ọ̀dà ògiri bá a lọ, kò sì dùn ún rárá. Ó já kọ́tìnnì, ó gé e wẹ́wẹ́ di aṣọ ìnulẹ̀. Ubbo ló ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ fi ìwé sílẹ̀ lórí pẹpẹ o, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ tán. Á máa dún bíi balùwẹ̀!"

Yàrá jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n sípíkà ńlá náà wá pọ̀ jù fún un. Ohùn ìsàlẹ̀ ń kùn, ife ń gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gesine ò fẹ́ dá a padà. Ó fẹ́ kí Folkert ti ẹnu ọ̀nà rí i kí àyà rẹ̀ já.

"Ṣé ẹ fẹ́ kó rí i ni, àbí ẹ fẹ́ kó gbọ́ ọ?" Ubbo bi í.

Gesine ronú díẹ̀. "Kó gbọ́ ọ."

Wọ́n bá gbé èyí tó kéré wá, tí kò ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ, wọ́n sì fà á kúrò lára ògiri díẹ̀. Gesine jókòó sí ojú fèrèsé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn sípíkà pàápàá. Orin kan náà ni. Èyí ló sanwó rẹ̀.

Ó wá ránṣẹ́ sí Tamme àti Eilert pé kí wọ́n wá gbọ́ ọ, kí wọ́n sì yan ilé tí wọn yóò máa lọ lọ́jọ́ Àìkú. Folkert gbọ́ sí i, òun náà sì wá, kó lè rí ohun tí yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó wọlé, ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri. Àga ìdí tábìlì ló wà káàkiri, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, ọ̀kan kọjú sọ́hùn-ún.

"Èwo ni àga tí à á jókòó sí gbọ́ ọ?"

"Èyí tó bá wù ẹ́," Gesine ní.

Ó bu tíì fún wọn, ṣúgà olókùúta dún pẹ́pẹ́ nísàlẹ̀ ife, ó sì fi orin obìnrin kan pẹ̀lú dùrù sí i. Nígbà tó parí, Folkert wú ikọ́.

"Inú ihò lobìnrin yẹn ti ń kọrin. Dùrù bò ó mọ́lẹ̀."

Àwọn méjèèjì yíjú sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Rárá o," Tamme ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá. Níbi tí mo jókòó yìí, mo gbọ́ ọ ketekete. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí."

"Èmi náà gbọ́ ọ," Eilert ní. "Folkert, àbí àgbà ti dé sí etí yẹn ni?"

"Kí lẹ̀yin mọ̀ nínú orin?"

"A ò mọ nǹkan kan. A kàn gbọ́ ọ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó o ti ń gbọ́ ọ fún wa." Tamme gbé ife kalẹ̀. "Jọ̀ọ́, Folkert, gbogbo ohun tó o máa ń sọ fún wa nígbà yẹn, pé fèrè fà sẹ́yìn, pé gòjé kan ṣì í, ṣé o máa ń gbọ́ ọ lóòótọ́?"

Etí Folkert pọ́n. Eilert ti yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. "Gesine, kí ló kàn? Sọ́ńdè tó ń bọ̀, màá mú rẹ́kọ́ọ̀dù tèmi náà wá." Ó dùn mọ́ Gesine gan-an.

Ó fi orin mìíràn sí i, ó sì tún gbé ìkòkò tíì. Ní Leer, kì í ṣe ife kan là ń fún àlejò. Ife mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, onílé á sì máa bù ú títí àlejò fúnra rẹ̀ yóò fi ki ṣíbí bọ inú ife pé ó tó. Gesine bu ìkejì fún Tamme, ó bù fún Eilert. Folkert na ife tirẹ̀.

"Gesine," ó rọra wí, "ó dáa o. Kí n má purọ́, ó dáa. Ṣé mo lè máa bá wọn wá?"

Gesine mú ṣíbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Folkert, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í bọ inú ife náà.

Eilert wo ilẹ̀. Láti ìgbà tí òun àti Tamme ti dáyé, wọn ò tíì rí onílé tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò rí. Folkert dìde, ó mú kóòtù rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó jókòó. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ síta, ó sì ń gbọ́ orin náà ketekete títí ó fi pa ilẹ̀kùn dé.