Ìdí Tí Mi Ò Fi Mú Ọmọ Mi Bọ̀ Láti Bẹlárúsì

Ìpàdé tí wọ́n ti pinnu pé kí n lọ mú ọmọ mi wálé, wọn ò pè mí sí i. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì. Ẹni mẹ́fà ló jókòó. Èmi tí mo bí ọmọ, èmi tí mo ń dá tọ́ ọ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, mo wà ní Ọjà Ọba níbi tí mo ti ń ra ata. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí lórí fóònù.

"Wọ́n ní kí ẹ lọ mú un bọ̀."

"Àwọn wo ni wọ́n ní bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ẹbí ni."

"Ìyàwó wa, ṣé èmi ò sí nínú ẹbí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jà o. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Ọmọ mi obìnrin yìí wà ní ọdún kẹfà, tí í ṣe ọdún ìkẹyìn, nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Mínsíkì, olú ìlú Bẹlárúsì. Èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ní ìgboro àti ní kíláàsì. Ogun wà ní orílẹ̀-èdè tó bá wọn pààlà. Ìròyìn sì ń lọ káàkiri orí fóònù ní Adó pé wọ́n ń fi iṣẹ́ tan àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń bá ara wọn nínú aṣọ ológun. Ẹ̀gbọ́n mi ti wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ tó mẹ́ta. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ohùn rẹ̀ sì ni òfin láàárín wa látìgbà tí bàbá wa ti lọ. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ láti bá a jà, ó kàn tẹjú mọ́ mi.

"Lọ mú ọmọ ẹ bọ̀ ulé." Bí inú bá ń bí i, ẹnu Èkìtì ló máa ń bọ́ sí.

"Oṣù mẹ́jọ péré ló kù tó máa parí, sà."

"Òkú kì í gba sátífíkéètì."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ fún ara mi, mo sì ra ti àbọ̀ nìkan fún ọmọ mi. Mi ò sọ fún un. Mo ní mo kàn ń bọ̀ wá wò ó ni.

Mi ò ní fo àwọn tó ṣẹ̀ mí lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Fájuyì sọ fún mi pé ìwé ìpè láti yunifásítì kò pọn dandan. Irọ́ ni, ó pọn dandan, ó sì ba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì sí i, kò tíì dáhùn dòní. Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, dípò kí wọ́n gbàdúrà pé kí n lọ ire kí n bọ̀ ire, ṣe ni wọ́n ń gbàdúrà lé ìrìn àjò náà lórí bí ẹni pé àìsàn ni. Wọ́n ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n má fi ohunkóhun kan ẹnu. Mo gbà á. Ní pápákọ̀ òfurufú tí a ti wọ ọkọ̀ kejì, ọlọ́pàá kan yọ mí kúrò lórí ìlà, èmi àti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó tún wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló rí lára àwa méjèèjì tí kò rí lára àwọn yòókù. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́ ọ.

Ní Mínsíkì, wọ́n tún gba pásípọ́ọ̀tù mi. Sójà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún ló gbé e wọ yàrá lọ. Mo wo aago mi: wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni mo fi wà lórí ìdúró. Mo ti ń to ẹ̀sùn mi lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn nígbà tí sójà náà tún jáde, tó ń gbé àga bọ̀. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó nawọ́ sí i, ó sì padà wọlé láìsọ nǹkan kan. Mo jókòó. Kí n má purọ́, láti ọdún tí mo ti ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba ní ilẹ̀ tèmi, wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ mi láìmọye ìgbà, kò sẹ́ni tó gbé àga fún mi rí.

Bí ìlú náà ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Mo ń wá ẹ̀bi rẹ̀, kò jẹ́ kí n rí i bó ṣe wù mí. Àkókò tí bọ́ọ̀sì máa dé wà lára pátákó ní ibùdókọ̀. Ọ̀ṣọ́ lásán ni mo pè é. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi di aago mi mú tì í; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló pẹ́, ìṣẹ́jú méjì sì ni. Oṣù kẹwàá ni, ewé ń jábọ́ lórí igi ní gbogbo òpópónà, àwọn ìyá arúgbó sì ti ń gbá a jọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ṣùgbọ́n wọn kì í kíni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kí ènìyàn mọ́kànlá lórí àtẹ̀gùn ilé tí ọmọ mi ń gbé. Ẹni méjì ló dáhùn. Inú bí mi.

"Mọ́mì," ọmọ mi ní, "wọ́n rò pé ẹ fẹ́ tọrọ nǹkan ni."

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn rárá, mi ò sì ní tìtorí àga kí n fi í pamọ́. Ọlọ́pàá wà ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ níbikíbi tí a bá yà sí. Nígbà tí mo gbé ohùn sókè nínú bọ́ọ̀sì pé ṣé àwọn ènìyàn wọ̀nyí tilẹ̀ fẹ́ràn ìjọba wọn, ọmọ mi rọra fọwọ́ tẹ orúnkún mi, bí mo ṣe máa ń ṣe fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà ní kékeré. Mo dákẹ́. Ìgbà tí a délé ló tó sọ̀rọ̀.

"A kì í sọ̀rọ̀ ìjọba nínú bọ́ọ̀sì níbí, Mọ́mì."

"Kí ló dé?"

"Torí bọ́ọ̀sì kún ni."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ti fèrèsé kó tó sọ ọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo ti jẹ́wọ́ ohun tó gbé mi wá. Ó ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́. Mo gbé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí tábìlì. Ó wò ó, ó ka orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń gé àlùbọ́sà rẹ̀ lọ.

"Mo ti gbọ́, mà."

Kò bẹ̀ mí, kò sunkún. Ìyẹn bí mi nínú ju pé kó bá mi jà lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó dákẹ́ torí ó gbọ́ràn àti ọmọ tó dákẹ́ torí nǹkan ti sú u.

Ìyá àgbà kan wà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà. Bábúṣíkà ni gbogbo ilé ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lédè wọn nìyẹn. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe rí i, ni kó máa bá gbogbo ayé wí. Ó bá mi wí pé mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù. Ó bá ọmọ mi wí pé kò dé fìlà. Ó bá ọkùnrin kan tó gbé àpò kọ́ èjìká wí, mi ò mọ ohun tó ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ mi wá sọ fún mi pé ní ọdún tí òun kọ́kọ́ dé, tí ibà dá òun dùbúlẹ̀, obìnrin yìí ló ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ wá fún òun láti àjà kẹfà, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní lọ dúpẹ́? Ní ọjọ́ karùn-ún, a ra kéèkì, a sì gòkè lọ kí i. Ẹ̀rọ tí ń gbéni gòkè ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ la fi gun àjà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú súwẹ́tà méjì àti kóòtù lọ́rùn mi. Òógùn ti bò mí nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Mo sì ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi: mo di férémù ilẹ̀kùn mú nítorí orúnkún mi, mo sì rọra kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun lórí ọmọ mi."

Bábúṣíkà figbe ta.

Ohun tí òun rí ni obìnrin àjèjì kan tó ń làágùn, tó di ilẹ̀kùn mú, tó sì ń wó lulẹ̀. Ó kì mí lábẹ́ apá pẹ̀lú agbára tí mi ò mọ̀ pé ó wà lára arúgbó. Èmi ò sì tíì dúpẹ́ tán. Bí ó ṣe ń fà mí sókè ni mo tún ń kúnlẹ̀, ìyẹn sì wá dájú lójú rẹ̀ pé ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ọmọ mi ń ṣàlàyé lédè Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere. Kó tó sọ ọ́ yé e, Bábúṣíkà ti pe ọkọ̀ aláìsàn.

Mo wo aago mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi dé.

Dókítà obìnrin kan ló gun òkè wá, obìnrin sígbọnlẹ̀ tó ti rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ìkíni ni mo ń kí ènìyàn, kò bínú. Ọmọ mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti gun àjà mẹ́fà, òun máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kí òun tó sọ̀ kalẹ̀. Ó we nǹkan mọ́ apá mi, ó wò ó. Ó tú u, ó tún un we. Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ mi.

"Mọ́mì, ó ti kọjá igba. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dà?"

"Ó wà nílé."

"Ilé ìsàlẹ̀?"

"Adó."

"Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?"

"Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀."

"Mọ́mì!"

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ó yẹ kí n fi tèmi kún un. Wọ́n ní kí n má fi ohunkóhun kan ẹnu, èmi ni mo ka oògùn mọ́ oúnjẹ, èmi náà ni mo gbàgbé rẹ̀ sórí fíríìjì. Kò sí ẹni tí mo lè kọ lẹ́tà sí.

Dókítà so wáyà mọ́ mi láyà, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń jáde láti inú ẹ̀rọ tí ń wo bí ọkàn ṣe ń lù. Ó kà á tán, ó wá nà án sí ọmọ mi, ó sì bi í ní ìbéèrè, bí èmi náà ṣe máa ń na ṣọ́ọ̀kì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá fọkàn tán. Ọmọ mi fi ìka tọ ìlà náà, ó ń sọ̀rọ̀. Dókítà ta kò ó níbì kan. Ọmọ mi ò gbà. Ó padà sí ojú kan lórí ìwé náà, ó tẹ ìka mọ́ ọn, ó tún un sọ. Dókítà gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

"Dá," ó ní. Ìyẹn túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ yé nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ara mi ni wọ́n ń kà lórí ìwé yẹn, ọmọ tí mo bí ló ń kà á, ìka rẹ̀ ò sì gbọ̀n.

Wọ́n fún mi ní oògùn. Wọ́n ní kí n jókòó sórí àga Bábúṣíkà títí ẹ̀jẹ̀ ríru náà á fi wálẹ̀, Bábúṣíkà sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi lẹ́sẹ̀ bí ọmọ tuntun, ó ń bá mi wí lọ. Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́ níbí ni?"

"Ó ń bà mí, Mọ́mì. Ojoojúmọ́ ni."

"Kí lo wá ń ṣe sí i?"

"Mi ò kì í fọwọ́ sí ìwé tí mi ò bá kà tán. Mi ò kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀, bó ti wù kó dùn tó. Mi ò kì í lọ sí ẹ̀bá ààlà. Ọsibítù, yunifásítì, ilé. Ó parí." Ó tún bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi lẹ́sẹ̀. "Bí ẹ bá ní ká lọ, mo máa bá yín lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní níbòmíràn. Kẹ́ ẹ yáa bá mi wá ṣọ́ọ̀bù sí Fájuyì, kí n máa ta súwẹ́tà tí mo bá kó bọ̀."

"Ta ni yóò ra súwẹ́tà ní Adó?"

"Ẹ̀yin, Mọ́mì. Ẹ ti wọ méjì."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kó gbé fóònù fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní mú un bọ̀."

"Ṣé wọ́n ti fún ọ ní nǹkan jẹ ni?"

"Rárá, sà. Ojú ara mi ni mo fi rí i."

"Kí lo rí? Ṣé o rí ibi tí ogun máa gbà ni?"

"Mi ò rí ìyẹn, sà. Dókítà ni mo rí."

"Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni mìíràn."

"Ó dáa. Ṣebí ìwọ ni o mọ̀wé kọ sí ènìyàn jù. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí o sì fọwọ́ sí i." Ó gé fóònù.

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé kan ni: ohun tí mo rí, ohun tí mi ò rí, pé ìpinnu náà tèmi ni, pé bó bá burú, orí mi ni kó wá. Èmi nìkan ni mo dá dé Adó. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi ní pálọ̀ rẹ̀. Ó kà á látòkè délẹ̀ bí ẹni ń máàkì ìdánwò, ó ká a, ó fi sínú Bíbélì. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Kò tọ́, mo sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kò tọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní kò sí òwúrọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi kì í pe òun kí òun tó jáde lọ sí ọsibítù. Kì í pẹ́. Á bi í bóyá ó sùn dáadáa, bóyá ìlú dákẹ́, á sì gé e. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó wa á pe èmi.

"Ẹ kú àárọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ó ti jí, àlàáfíà ni."

Kí ìpè yẹn tó wọlé, mi ò lè gbé tíì kan ẹnu. Ó ku oṣù mẹ́ta kó parí.