Owó Oòrùn

Kí ọkọ mi tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣe lébìrà ní Yábàá, ó ti ṣírò gbogbo ohun tí yóò ná an láti dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Títẹ orúkọ àti àwòrán sára aṣọ ni iṣẹ́ náà. Bí a bá ti jókòó ti oúnjẹ báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi: pákó tí yóò fi kan fírémù, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò nà sí ojú rẹ̀, ọ̀dà, rọ́bà tí yóò fi máa fa ọ̀dà kọjá lórí aṣọ náà, kẹrosíìnì tí yóò fi fọ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí náírà dé ni, àwọn kan ṣì ń fi pọ́n-ùn ronú, ṣùgbọ́n ọkọ mi mọ ìṣirò dáadáa. Oòrùn nìkan ni kò rántí.

Inú yàrá kan là ń gbé ní Pápá Àjàó, nínú ilé alájọgbé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo wa ń lo balùwẹ̀ kan àti ṣáláńgá kan lẹ́yìn ilé. Ọkọ mi gbé tábìlì síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ ló ti ń tẹ aṣọ. Títẹ̀ yẹn kì í pẹ́. Gbígbẹ rẹ̀ ló ń pẹ́. Bí o bá ká aṣọ pọ̀ kí oòrùn tó pa ọ̀dà rẹ̀ dáadáa, ọ̀dà á lẹ̀ mọ́ ara òdìkejì, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé nìkan la sì ti lè rí oòrùn, níbi tí okùn mẹ́rin wà, tí àwọn obìnrin ilé ti pín ọjọ́ rẹ̀ láàárín ara wọn ká tó kó débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìjà ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi sá síńgílẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan kún gbogbo okùn, ẹni tí ọjọ́ kàn gbé aṣọ ìdí ọmọ jáde, kò ríbi sá a sí. Ariwo ta. Ìyá àgbà kan wà nínú ilé náà tó pẹ́ ju gbogbo wa lọ, abọ́ tánńganran ló ń tà, Màmá la sì ń pè é. Òun ló bá wa parí ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fi ọjọ́ okùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, kí àwa náà máa bá a gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ká sì máa bá a fọ balùwẹ̀ àti ṣáláńgá nígbà tó bá kàn án. Àwọn tó kù ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí a wọlé, ó ní Ọlọ́run ti ṣe é, pé oòrùn ò ná wa ní kọ́bọ̀. Mi ò já a nírọ́. Inú èmi náà dùn lọ́jọ́ yẹn, nítorí mi ò tíì gbé ìgbálẹ̀. Nínú ilé yẹn, ọkùnrin kì í mú búrọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó sọ pé èmi ni kí n ṣe é, kò sì sẹ́ni tó nílò láti sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń ṣe kí gbogbo èyí tó dé. Mo ń kọ́ táìpù. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan wà ní Sábó, lókè ilé ìtajà kan, mo sì ti ń lọ síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ. Ọ́fíìsì ń yọ káàkiri Èkó nígbà náà, wọ́n ń wá táípíìsì, ṣùgbọ́n wọn kì í wojú ẹni tí kò bá ní sàtífíkéètì. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù fún mi. Mo fẹ́ ẹ débi pé bí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, ìka mi á máa tẹ orí itan mi bíi pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ máa jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn fún ara mi lọ́dún yẹn.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní mọ́sáláṣí ìtòsí wa ni mo ti máa ń dìde lọ tò nídìí ẹ̀rọ omi. Mo fọ ṣáláńgá, mo fọ balùwẹ̀, mo gbálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni n óò sá síńgílẹ́ẹ̀tì, tí n óò máa yí i padà, tí n óò máa lé ewúrẹ́, tí n óò máa wojú ọ̀run. Bí ọjà ọkọ mi ṣe ń yá, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ́ ọjọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ilé ń fi ọjọ́ wọn sílẹ̀ fún wa tayọ̀tayọ̀. Ta ni ò ní fi í sílẹ̀? Nígbà tí òjò ọdún yẹn yóò fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ gbogbo ilé ti di tèmi. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á nasẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á wá ké sí mi pé Ìyàwó, igun balùwẹ̀ yẹn ò mọ́ tó o. Mo máa ń dáhùn pé ẹ má bínú, mà. N óò tún padà lọ fọ̀ ọ́.

Oògùn funfun tí a ń dà sí ṣáláńgá ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́wọ́. Àwọn orí ìka mi là. Bí mo bá tẹ ẹ̀rọ, á ta mí, mo sì máa ń rọra fi ọwọ́ bà á bí ẹni tó ń ṣa gíláàsì tó fọ́. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mi ò tiẹ̀ lè lọ, tórí aṣọ ò tíì gbẹ. Olùkọ́ wa béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé, pé èmi tí mo ti ń yára, ṣé ẹ̀yìn ni mo tún ń rìn sí? Mo sọ fún ọkọ mi pé ara mi ò gbà á mọ́. Ó ní kí n fara dà á díẹ̀ sí i, pé tí òun bá rí ṣọ́ọ̀bù, ó ti tán. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn, fara dà á. Kì í ṣe èèyàn burúkú, òun náà kì í sinmi, ọ̀dà ò sì kúrò ní èékánná rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òun ló yan iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Ilé ìwé kan ní Súrùlérè ti gbé síńgílẹ́ẹ̀tì eré ìdárayá wọn fún ọkọ mi, ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbà á, iṣẹ́ tó tóbi jù tó tíì rí nìyẹn. Mo sọ fún un ṣáájú pé mi ò ní fọ ṣáláńgá ní Sátidé. Ó ní tí ẹnikẹ́ni ò bá fọ̀ ọ́, wọ́n á gba okùn wọn, ibo ni òun fẹ́ sá aṣọ sí?

“Ṣé ẹ̀yin náà ò lọ́wọ́ ni?” mo ní. “Ẹ fọ̀ ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì mi kan tó dáa ní Sátidé náà, mo fi ọkọ mi sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti korobá. Ní Sábó, wọ́n pín wa sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣe dáadáa, mo ń fara da títa ìka. Ìgbà tó yá ni òjò ṣú. Mo gbọ́ bí òjò ṣe kọ́kọ́ kán sórí páànù, ọkàn mi sì lọ sílé kíá, sórí okùn, sára síńgílẹ́ẹ̀tì ilé ìwé yẹn. Mo bínú sí ara mi pé òjò ni mò ń gbọ́ dípò kí n máa wo ìwé, síbẹ̀ mò ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi kò padà yá mọ́. Nígbà tí wọ́n lu aago, àwọn ẹlòmíràn ń yọ ìwé wọn, èmi kò tíì dé ìsàlẹ̀ tèmi. Olùkọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, kò wo ojú mi.

Mo délé bá síńgílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti kó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbẹ, wọ́n tò ó dáadáa. Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹ̀wà tí Màmá bù fún un. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní bí òun ṣe tẹ̀ ba síbi ṣáláńgá báyìí ni àwọn obìnrin ilé sáré jáde, tí wọ́n já búrọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní èèwọ̀, kí ọkùnrin máa fọ ṣáláńgá lójú àwọn, kí ni àwọn ará àdúgbò á sọ? Àwọn ló fọ̀ ọ́. Nígbà tí òjò ṣú, gbogbo wọn bá a kó aṣọ wọlé. Màmá wá ní àdéhùn yẹn ti tán látòní, kí a máa lo okùn bó ṣe wù wá, kí a ṣáà fi ọ̀kan sílẹ̀ fún aṣọ ọmọ.

“Ọ̀fẹ́ ni o,” ọkọ mi ní. “Wọ́n ṣàánú mi gan-an.”

Màmá fúnra rẹ̀ jáde sí wa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ nínú síkẹ́ẹ̀tì mi.

“Ìyàwó, o fẹ́ dójú ti ọkọ ẹ ni? Tó bá ti ń rẹ̀ ọ́, kí ló dé tí o ò sọ fún wa?”

“Màmá,” mo ní, “ojoojúmọ́ lẹ ń rí mi.”

Ó yíjú padà, ó wọlé lọ. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi gbé abọ́ sílẹ̀, tó rántí béèrè ìdánwò. Mo ní mi ò yege. Ó ní èsì ò tíì jáde, báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i. Ó wò wọ́n títí. Mo wọlé, mo bọ́ síkẹ́ẹ̀tì, mo sùn di ọjọ́ kejì, kò sì sẹ́ni tó jí mi.