Ti Ọjọ́ Ìsinmi àti Ti Ọjọ́rú

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ohun tó wu èèyàn ló máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń bá a jiyàn. Nílé tiwa, ṣọ́ọ̀ṣì ló yan eré fún wa, kò sì sí ẹni tó bi wá bóyá ó wù wá.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, eré ọkọ̀ òfuurufú méjì ló gba gbogbo Sùúrùlérè àti Yábàá kan. Ọ̀kan ń wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi láti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà l'Ékòó níbí. Èkejì ń wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú láti apá Ìbàdàn, ẹni tó bá sì fẹ́ wo ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yí ọ̀pá eriá tó wà lẹ́yìn ilé, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ á ṣì máa ṣe wúruwùru bí ẹni pé òjò ń rọ̀ lé wọn lórí. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni tẹlifíṣọ̀n wa. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì ní ilẹ̀kùn tí bàbá mi máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì, kọ́kọ́rọ́ náà kì í sì kúrò ní àpò rẹ̀, àfi ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi tó máa ń fi í sílẹ̀ fún ìyá mi.

Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, ọmọ Áńgílíkà ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìyá mi, olùkọ́ ní Yábàá, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, wọ́n jọ gbà pé kí oníkálukú máa lọ síbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bá bàbá mi lọ torí pé ó lóhùn. Èmi tí Ọlọ́run ò fún lóhùn, mò ń bá ìyá mi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn Áńgílíkà ń ṣe ìsìn àṣálẹ́, nítorí náà bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi kò fojú kan eré Ọjọ́ Ìsinmi rí. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ìyá mi ń lọ sí kíláàsì, ìyẹn ìpàdé tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì máa ń ṣe ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, èèyàn díẹ̀ lábẹ́ olórí kan. Èmi náà á tẹ̀ lé e. Àwa ọmọdé kì í wọlé o. Abẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì la ti máa ń ṣeré títí wọ́n á fi jáde, ẹni tó bá sì yọjú lójú fèrèsé, etí rẹ̀ á gbóná. Bí mi ò ṣe rí eré Ọjọ́rú nìyẹn.

Ti Ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń wò, ọkọ̀ ìjọba ni. Ọ̀gá ọkọ̀ ń bẹ, igbákejì ń bẹ, oyè oníkálukú sì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n á gúnlẹ̀ sí ayé kan tí wọn ò dé rí, wọ́n á bá wàhálà níbẹ̀, ọ̀gá á pàṣẹ, wàhálà á tán, wọ́n á sì padà sílé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ṣe lè le tó tí ọ̀gá ò ní mọ ohun tí yóò ṣe, ọkàn mi sì máa ń balẹ̀ tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá mi ò kà á sí. Á máa fi yíǹkì pupa máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀, tó bá ṣèèṣì gbójú sókè, á ní, “Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ bi ẹnì kankan léèrè nǹkan kan,” á tún tẹrí ba sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ti Ọjọ́rú, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn bíi mélòó kan ló wà nínú ọkọ̀ tó ti ṣìnà láàárín ìràwọ̀. Ọ̀gá wọn kú kí eré tó gbóná, wọn ò sì yan òmíràn. Tí nǹkan bá dé, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó rí àti bó ṣe rí lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó dìde lọ ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe. Nígbà mìíràn ohun tí wọ́n ṣe á dára, nígbà mìíràn á bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilé tí wọ́n ń wá kiri, wọn ò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dùn ju tèmi lọ. Mo ní báwo ni eré ṣe fẹ́ dùn tí kò sí ẹni tó ń pàṣẹ níbẹ̀. A lè fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn, ká tún fi jí.

Nílé-ìwé, ìjà gidi ló dà. Àwọn ọmọ Áńgílíkà ń gbè sẹ́yìn ti Ọjọ́rú, àwọn ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ń gbè sẹ́yìn ti Ọjọ́ Ìsinmi, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó ti wo méjèèjì. Àwọn tó wo méjèèjì ni àwọn ọmọ mẹkáníìkì ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ilé kejì sí wa, tí wọ́n máa ń dúró lóde lójú fèrèsé wa. Wọn kì í lọ sí ìsìn tiwa, kò sí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Àwa ò sì bi wọ́n. Títí di òní, tí mo bá rí àwọn tí ń fi gbogbo ẹnu jà lórí ohun tí wọn ò mọ̀ tán, àwa yẹn ni mo máa ń rántí.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rí i pé ńṣe ni wọ́n gbé oúnjẹ àwọn kan fún àwọn mìíràn. Àwọn Áńgílíkà tí wọ́n ní Bíṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní fíkà, tí oníkálukú mọ aṣọ tó yẹ kó wọ̀ àti ẹ̀yìn ẹni tó yẹ kó tò sí, àwọn ló yẹ kó máa wo ọkọ̀ ìjọba. Bàbá mi gan-an ò lè gbádùn ẹni tí kò bá mọ ipò rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo Ọjọ́rú ni bàbá mi máa ń kùn sí eré náà. “Ta ni olórí wọn gan-an? Ṣé báyìí ni wọ́n á ṣe máa jókòó rojọ́ títí?” Ṣùgbọ́n kò pa Ọjọ́rú kan jẹ. Bí wọ́n bá ti jókòó yí tábìlì ká báyìí, á fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Òun ló tọ́ bàbá mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ nílé wa. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ níbi tá a ti ń jẹ ìrẹsì. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ kí ìkórè tó dé. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́wọ́ lé ìyá mi lórí, kó di ọmọ Áńgílíkà, kí gbogbo ilé máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan.

“Àbúrò mi,” ó ní, “ojú ń tì mí. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ìyàwó wa ti kú ni, torí wọn ò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ rí.”

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi,” bàbá mi ní.

“Ìyàwó, ìwọ ńkọ́?”

“Màmá, ọ̀nà kan ò wọ ọjà,” ìyá mi dáhùn jẹ́jẹ́.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tọkọtaya kì í pínyà lójú ọ̀nà ọjà.”

Ìyá mi kó àwo kúrò nílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, mò ń ṣa ẹ̀wà nínú kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì ní pálọ̀. Ìyá mi ní Ọjọ́ Ìsinmi kì í ṣe wàhálà, òun lè máa bá a lọ sí Áńgílíkà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kíláàsì Ọjọ́rú nìkan lòun bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀ fún òun. Bàbá mi ní ẹni tí Bíṣọ́ọ̀bù bá ti gbọ́wọ́ lé lórí, kò tún yẹ ká rí i ní ìpàdé àwọn ẹlòmíràn, kí ni ẹ̀gbọ́n òun á wí.

“Kí lẹ tiẹ̀ ń rò níbẹ̀,” ó ní, “tí kò ṣeé rò nílé?”

Mo dúró kí n gbọ́ èsì. Ìyá mi wọ kíṣìnì wá bá mi. Ó gba ẹ̀wà náà lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún èyí tí mo ti ṣà ṣà.

Ó gbà fún wọn. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, kò wọ aṣọ ìjáde. Inú mi dùn, torí ọjọ́ náà ni mo máa rí eré Ọjọ́rú pẹ̀lú ojú ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi lọ yí eriá, bàbá mi ṣílẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n, ìyá mi kó ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé wá sórí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí ọ̀kankan nínú wọn. Ó ń wo ògiri. Àsìkò yẹn ni wọ́n ń kọ orin àkọ́kọ́ ní kíláàsì.

Eré bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jókòó yí tábìlì ká. Àgbà obìnrin kan wà láàárín wọn tí ẹ̀gbọ́n mi ní kì í sọ̀rọ̀ rárá, òun ló la ẹnu lọ́jọ́ náà. Ó ń sọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, àwọn yòókù ń wò ó, kò sí ẹni tó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá mi ti fa àga sún mọ́ iwájú.

“Kíláàsì ni wọ́n ń ṣe yìí,” ìyá mi ní.

Bàbá mi yíjú padà. “Kíláàsì wo?”

“Tiwa. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Oníkálukú á sọ bó ṣe rí lára ẹ̀, a ò ní bá a wí, a ò ní dá a lẹ́kun. Tó bá tán, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀.”

Bàbá mi wo tẹlifíṣọ̀n, ó tún wo ìyá mi. “Ìwọ náà, kí lo máa ń sọ?”

“Ẹ ò bi mí rí.”

“Mo ń bi ẹ́ báyìí.”

“Ọmọ wa ni mo máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀,” ìyá mi ní. “Èyí tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá fẹ́ wẹ̀ fún un. Tó bá ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń sọ ọ́ sí. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹni pé àwọn náà ti pọ̀n ọ́n rí.”

Mi ò mọ̀ rí pé ọmọ kankan wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ lòun ń wò. Ó mọ̀. Bó ṣe máa ń rí láàárín wa nìyẹn: tí ọmọ bá kú, àwọn òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn á wá kí wọn, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mi ò sọ pé àṣà náà ò dáa. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dìde nílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi títí di báyìí, pé ìyá mi ní láti wọ aṣọ, kó gba iwájú ọjà Ìpọ̀nrí kọjá lọ bá àwọn ẹlòmíràn, kó tó lè dárúkọ ọmọ tó bí nínú ilé yìí.

Bàbá mi yí àga rẹ̀ kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí ìyá mi. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ ọmọ náà. Kò pè é sókè. Ìyá mi gbójú sókè, ó sì tún un pè, omijé wá ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè sọ bí eré ọjọ́ náà ṣe parí.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tíì fọwọ́ kan ìrẹsì tí bàbá mi fi sọ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ò ní fi kíláàsì ẹ̀ sílẹ̀.”

“Kí ni mo wá fẹ́ sọ fún àwọn tó ń bi mí?”

“Ẹ sọ fún wọn pé kò tíì kú.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹun tán, ó sì pẹ́ kó tó tún wá. Nígbà tó wá, kò gbé ọ̀rọ̀ náà dìde mọ́.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ìyá mi wọṣọ, èmi náà wọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi yí eriá tán, ó ń pariwo látẹ̀yìn ilé pé, “Bàbá, ẹ wá o, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.” Bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dé fìlà, ó ń dúró dè wá. Ó bi ìyá mi bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí àlejò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá mi ní wọ́n máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀, tó bá fẹ́. Bàbá mi ní òun fẹ́.