Ìkúnlẹ̀ Mọ́mì ní Norway

Wọ́n ń fi ọ̀dà dúdú kun pákó létí adágún Southmere láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí Norway. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí Mọ́mì mú mi lọ wo àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ fún àlejò, tí ọ̀dà yìí kan náà wà lára pákó wọn. Ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ ayé ìgbà kan ló ń mú wa káàkiri. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ilé kan báyìí tá a wọlé, Mọ́mì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lẹ́bàá ààrò: "Ẹ kú ilé o, Mà."

Àwọn tá a jọ ń wòran bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. "Mummy, dìde jàre! Iṣẹ́ ló ń ṣe, kì í ṣe ilé ẹ̀!"

Ìyá arúgbó yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mọ́mì dìde, wọ́n sì gbọn eérú kúrò lórúnkún wọn. Látọjọ́ náà, Mọ́mì ò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lójú mi mọ́. Èmi náà ti bímọ kí n tó mọ̀ pé, nínú gbogbo ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, tèmi nìkan ni Mọ́mì gbọ́.